Níbo ni Alápàńdẹ̀dẹ̀ Ń Lọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn máa ń yà kí mi. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ láti ìgbà ọyẹ́. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí fàráńdà ní ìdájí. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tuntun. Mo gbójú sókè wo wáyà iná (iná kò sí o, wáyà ló wà), mo sì rí i pé àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ti ń tò síbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ti dín kù. Ìyàwó mi gbé tíì wá, òun náà wòkè, ó ní, "Dádì, àwọn ẹyẹ yín ti ń lọ o."

Wọ́n ń lọ lóòótọ́. Bí wọ́n sì ti ń kúrò lọ́dọ̀ wa yìí, àwọn kan wà ní ìlú òyìnbó tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run, tí wọ́n ń retí wọn. Lójú àwọn yẹn, alápàńdẹ̀dẹ̀ ni àmì pé òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, pé ìgbà ìrúwé ti dé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè ìbéèrè kan, tó sì kú láì rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún jẹ mọ́ bàbá mi, ẹni tí ìdajì ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, tí èmi ọmọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Orúkọ òyìnbó náà ni Gilbert White. Wọ́n bí i ní 1720 ní abúlé Selborne, ní agbègbè Hampshire ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàwé ní Oxford, ó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì Oriel, wọ́n sì yàn án ní àlùfáà. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà lè lépa ipò ńlá, àmọ́ abúlé rẹ̀ ló wù ú. Ibẹ̀ ló padà sí, nínú ilé ìdílé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Wakes, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 1793. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ohun tó ń ṣe láti ọdún dé ọdún ni pé á wo ọgbà rẹ̀, á rìn wọ inú igbó, á tẹ́tí sí ẹyẹ, á sì padà wálé kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ọgbà ló kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1751 ló ti ń ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ọgbà: ọjọ́ tó gbin èyí, ọjọ́ tí tọ̀hún hù, bí òjò ṣe rọ̀ sí. Ó fẹ́ràn mẹ́lọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ òtútù ilẹ̀ wọn kì í jẹ́ kó so dáadáa. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe? Ìgbẹ́ ẹran ló ń kó jọ, ẹrù lórí ẹrù, tí yóò fi ooru ìgbẹ́ tó ń jẹrà mú ilẹ̀ gbóná, bí ẹni ń tan àtùpà sábẹ́ ebè. Àwọn olówó ìgbà náà máa ń gbé ère òkúta ńlá sínú ọgbà wọn. White kò lówó ère. Ló bá ní kí wọ́n fi pákó gé àwòrán Hercules, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, ó gbé e sí ọ̀ọ́kán, kí ẹni tó bá ń wò ó láti inú ilé lè rò pé òkúta ni. Nítorí pákó yẹn nìkan, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀, òkè ẹfun kan wà tí igi beech bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní the Hanger. Ní 1753, òun àti àbúrò rẹ̀ John la ọ̀nà kan tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, títí tó fi gun òkè náà dé orí. Ọ̀nà náà wà níbẹ̀ dòní. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi gùn ún rí.

Ìgbà ìrúwé 1977 ni. Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mò ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi lórí ohùn nínú ẹ̀ka-èdè ìlú wa. Ìyá onílé mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, rí i pé mo ti jókòó ti ìwé títí ojú mi ti jìn sínú. Ó ní bí n kò bá jáde, òun á fà mí jáde. Ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹrin, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo, a sọ̀ ní Alton, a sì fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 4 tó kù dé Selborne.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbé ìlú òyìnbó rí lè má mọ ohun tí ìgbà ìrúwé ń ṣe sí ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí igi kan ṣe ń wọ́wé lòmíràn ń rúwé. Kò sí ọjọ́ tí igbó dá páropáro. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ oṣù ni igi fi ń dúró ní ìhòòhò bí egungun. Nígbà tó bá yá, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀. Òdòdó búlúù á tẹ́ sábẹ́ igi bí aṣọ òkè. Àwọn ènìyàn tí kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn lójú ọ̀nà. Èmi tí mo ti fi ẹ̀wù méjì lé ara wọn láti oṣù kọkànlá, mo bọ́ ọ̀kan, mo sì rí i pé èjìká mi fúyẹ́.

A ti wọ abẹ́ igi nígbà tí ìyá onílé mi ní kí n dúró, kí n tẹ́tí. Ẹyẹ kan ń ké.

"Kí lo gbọ́?" ló bi mí.

Mo ní ohùn méjì ni: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, bí ẹni ń fi òòlù kékeré lu irin. Ó ní chiffchaff nìyẹn. A rìn síwájú díẹ̀, òmíràn tún ké. Èyí bẹ̀rẹ̀ lókè, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìparí gbólóhùn Yorùbá tí ohùn ń rẹlẹ̀ lọ. Ó ní willow warbler nìyẹn. Ó gbé awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn fún mi. Mo wo àkọ́kọ́, mo wo ìkejì. Ìbejì ni wọ́n lójú tèmi, ẹyẹ kéékèèké méjì tí àwọ̀ wọn dà bí ewé tó ń pọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má da ojú rẹ láàmú. Etí ló ń yà wọ́n."

Háà! Ohun tí mo ti ń fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé lé lórí nìyẹn. Lẹ́tà kan náà ló wà nínú igbá, igbà àti ìgbà. Ẹni tí etí rẹ̀ kò mú ohùn yóò ní ohun kan náà ni wọ́n. Ìyá onílé mi wá sọ fún mi pé White ló fi yé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn ẹyẹ náà yàtọ̀ síra. Kó tó dìgbà rẹ̀, orúkọ kan, willow-wren, ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn pọ̀. Ní 1768, ó kọ lẹ́tà sí Thomas Pennant, onímọ̀ nípa ẹranko, pé mẹ́ta ni wọ́n: méjì tí mo gbọ́ yìí, àti ẹ̀kẹta tí a ń pè ní wood warbler lónìí, èyí tó ń gbé òkè igi beech, tó ń gbọn ìyẹ́ bó ti ń ké. Igbe wọn ló tọ́ka ìyàtọ̀ náà sí i.

Nígbà tí mo wá ka ìwé rẹ̀, The Natural History of Selborne, tí ó jáde ní 1789, mo rí ibòmíràn tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ orin mú fèrè tí àwọn akọrin fi ń mú ohùn, ó fi wọn igbe òwìwí àdúgbò, ó ní ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń ké. Ẹlòmíràn wọn tirẹ̀, ó ní ohùn wọn kò dọ́gba. White wá béèrè pé: ṣé ẹ̀yà òwìwí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ rántí ìbéèrè tí mo máa ń fi dá yín lágara: ṣé ìyàtọ̀ ẹ̀ka-èdè ni, àbí ìyàtọ̀ ẹnu ẹnì kan? Ẹ ò rí i pé èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ìbéèrè tó gba White lọ́kàn jù ni ti alápàńdẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń dé Selborne nínú oṣù kẹrin, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń tọ́mọ. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé, wọn a pòórá. Níbo ni wọ́n ń lọ? Aristotle ti kọ ọ́ láyé àtijọ́ pé àwọn kan ń sá pamọ́ sínú ihò. Ní 1555, Olaus Magnus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ará Sweden, kọ ọ́ pé abẹ́ omi ni wọ́n ń sùn, tí àwọn apẹja fi ń wọ́ wọn jáde pẹ̀lú àwọ̀n. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Charles Morton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní inú òṣùpá ni àwọn ẹyẹ ń lọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, ta ni yóò rò pé ó lè la òkun àti aṣálẹ̀ kọjá?

John àbúrò White ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun ní Gibraltar, ó sì kọ̀wé sí i pé òun ń rí àwọn ẹyẹ tó ń kọjá láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà. White gbà pé àwọn kan ń ṣí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí oòrùn bá yọ ní oṣù kọkànlá, á tún rí mélòó kan tó ń fò kiri. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ó ní láti jẹ́ pé àwọn kan ń fara pamọ́ nítòsí. Ní 1781, ó háyà àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n tú inú igbó àti ihò orí òkè rẹ̀ wò bóyá wọn yóò bá àwọn tó ń sùn. Wọn kò rí ẹyọ kan. Síbẹ̀, iyè méjì náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Sátidé yẹn. A ti dé ẹ̀bá abúlé náà nígbà tí alápàńdẹ̀dẹ̀ kan fò kọjá létí mi fìà, ó wọ inú ilé tí àgbẹ̀ kan ń kó koríko ẹran sí. Mo yọjú wo inú ilé náà. Ìtẹ́ alámọ̀ wà lára igi àjà. Mo dúró síbẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá onílé mi bi mí pé ṣé ó rẹ̀ mí ni.

Kò rẹ̀ mí. Bàbá mi ni mo rántí.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo wá sílé láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ńlá kan lọ sí abúlé wa, pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn pè fún mi: orí, ojú, oko, iṣu, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Téèpù wọ́n, bátìrì wọ́n. Bàbá mi jókòó níwájú mi, àgbẹ̀ tí kò kàwé rárá, ó ń pe ọ̀rọ̀ tẹ̀lé mi. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè wo wáyà tẹlifóònù tó gba ẹ̀gbẹ́ títì. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tò sórí rẹ̀ lọ súà.

Ó ní, "Ṣé o rí àwọn wọ̀nyẹn? Àlejò ni wọ́n."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná."

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa ẹ̀rọ náà. Ẹyẹ kò sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ mi. Bàbá mi kò bínú, ó kàn ń bọ́rọ̀ lọ ní tirẹ̀: pé àwọn tiwa ń kọ́lé sára ilé, pé àwọn ti orí wáyà kì í kọ́lé, wọn kì í yé ẹyin, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bá wá, òjò ni wọ́n ń sá fún. Ó ń fi ọwọ́ júwe bí ìrù wọn ṣe rí. Èmi ń yí téèpù padà.

Ìgbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé koríko yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ mí létí. Ilé àwọn àlejò bàbá mi ni mo dé. Mo ní n óò sọ fún un bí mo bá délé: "Bàbá, mo rí ibi tí wọ́n ń kọ́lé sí." Mo lè kọ lẹ́tà kí ẹnì kan kà á fún un, àmọ́ àpilẹ̀kọ kò jẹ́ kí n ráyè. Bàbá papò dà ní 1978. N kò tíì padà sílé.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo ka nípa Michel Adanson, ọmọ Faransé tó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà láti 1749 sí 1753. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1757, ó sọ pé alápàńdẹ̀dẹ̀ Yúróòpù ń dé Sẹ̀nẹ̀gà nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, àti pé wọn kì í kọ́lé níbẹ̀. Ẹ tún un kà: wọn kì í kọ́lé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an! Ìwé yẹn ti wà nílẹ̀ nígbà tí White ń háyà ènìyàn láti tú igbó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Daines Barrington, amòfin tí ó kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà inú ìwé rẹ̀ sí, ka ọ̀rọ̀ Adanson, kò sì gbà á. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ òyìnbó ń lọ, ó ń bọ̀ ní etíkun wa. Ẹrú ni wọ́n wá kó. Ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n wá bi wá.

Bí òtítọ́ ṣe wá fara hàn nìyí. Ní ìgbà ìrúwé 1822, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ funfun kan nítòsí Klütz ní Jámánì. Ọ̀kọ̀ Áfíríkà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 gún un lọ́rùn ní àgúnyọ, ó sì gbé e fò délé. Ẹyẹ náà wà ní yunifásítì Rostock títí dòní. Ní 1899, olùkọ́ kan ní Denmark, Hans Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ní 1909, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú oṣù karùn-ún 1911, John Masefield, amòfin kan ní Staffordshire, fi òrùka sí alápàńdẹ̀dẹ̀ kan lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1912, wọ́n mú ẹyẹ kan náà nínú ilé oko kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ó ti lé ní ọdún 119 tí wọ́n ti sin White. Lónìí, a mọ̀ pé ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River níhìn-ín, alápàńdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù tó lé ní mílíọ̀nù kan ń sùn pọ̀ nínú koríko gíga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ni mo rí fà yọ? Alápàńdẹ̀dẹ̀ tí à ń wí yìí, orúkọ kan ni a fi ń pe oríṣiríṣi: onílé àti àlejò. Bí willow-wren ti rí náà nìyẹn. N kò sọ pé ẹni tí kò ní orúkọ fún nǹkan kò rí i. Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé mo ti bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jà láti ọdún pípẹ́. Bàbá mi rí ìyàtọ̀ náà láìsí orúkọ méjì. Ohun tí ẹyẹ ń ṣe ló fi yà wọ́n, bí White ṣe fi igbe ya àwọn tirẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé lékeléke wá, tí àwọn ọmọdé fi ń kọrin tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Pé níbi tí iná bá ti ń jó oko ni àwòdì ń rà bàbà sí. Ìmọ̀ kò wọ́n wa.

Ohun tí White fi jù wá lọ kò ju ìwé àti gègé lọ. Ní 1768, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé kan tí wọ́n ti fa ilà sí: ibí fún ojú ọjọ́, ibí fún òdòdó tó kọ́kọ́ yọ, ibí fún ẹyẹ tó kọ́kọ́ dé. Ó ń kọ ọ́ títí di oṣù tó kú. Ọdún 25! Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé òjò rọ̀, ẹyẹ báyìí ké. Síbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni a fi mọ̀ lónìí ọjọ́ tí alápàńdẹ̀dẹ̀ dé abúlé kan ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn. Bàbá mi náà mọ tirẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Ọmọ rẹ̀ tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ló pa ẹ̀rọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi gbé àwọn téèpù àtijọ́ yẹn sínú kọ̀ǹpútà fún mi. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń pe iṣu, tó ń pe oko. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ tó ní, "Ṣé o rí àwọn wọ̀nyẹn? Àlejò ni wọ́n." Mo gbọ́ ohùn tèmi tí kò ní sùúrù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dún káá, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ìyókù ohun tó sọ, orí mi nìkan ló wà, orí arúgbó sì ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ẹyẹ ìlú yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀, bó ṣe ń ké, ohun tí wọ́n ní ó ń sọ, oṣù tó ń dé àti oṣù tó ń lọ. Bí wọ́n bá yà kúrò lórí ohun tí ẹ bi wọ́n, ẹ má ṣe pa ẹ̀rọ o.

Èmi náà ti ra ìwé kékeré kan. Ní òwúrọ̀ yìí, mo kọ ọjọ́ òní sí i, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: òjò rọ̀ lóru, alápàńdẹ̀dẹ̀ 6 lórí wáyà, àlejò.

Ó dìgbà kan ná.